Ọkùnrin Tó Ń Tọrọ Ẹ̀wọ̀n

Gbogbo abúlé Vrbanjci ló mọ̀ pé bí fóònù bá dún láàárọ̀ kùtù, Evgen Šebjan ni. Á ní atẹ́gùn ń bọ̀, kí ẹ fi nǹkan di aṣọ tí ẹ sá mú dáadáa. Á ní òun gbọ́ pé olú tí àwọn kan já nínú igbó lódìkejì odò Mura ní májèlé, bóyá ẹ̀yin náà já nínú rẹ̀. Ó ti pe àlùfáà rí pé kó má gun ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, torí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ti jẹrà. Àlùfáà ní òun ò gùn ún láti ọjọ́ pípẹ́. Evgen ní, "Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè wù yín lójijì."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló máa ń bà á, kì í sì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe jù láyé ni kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, ó jọ pé gbogbo ayé ló di ẹnu ọ̀nà tó ń ṣọ́.

Ẹni tó ń ṣọ́ jù ni Etelka, ẹ̀gbọ́n Gizela ìyàwó rẹ̀. Opó ni Etelka, egungun rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń lọ sọ́jà, kẹ̀kẹ́ ló fi ń lọ síbi sàréè ọkọ rẹ̀. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ọkọ náà, kẹ̀kẹ́ ló gùn tẹ̀lé pósí. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹbí ti máa ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ọbẹ̀ adìẹ sè bíi tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Evgen fi ka ara líle Etelka sí ohun ìní ẹbí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, Evgen ń wa mọ́tò bọ̀ láti ìlú, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń wà á, tí ọkọ̀ tó ń gbé wàrà kan fi sáré kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó rántí pé Etelka wà lójú títì yẹn lọ́jọ́ náà, ó ń gbé gibanica lọ fún àjọ̀dún àwọn panápaná. Bí irú wèrè yìí bá pàdé rẹ̀ ńkọ́? Ló bá ki ọwọ́ mú fóònù. Ó ń wá orúkọ Etelka: ó rí ti oníṣègùn eyín, ó rí ti ẹni tó ń ta koríko ẹran, ó wá rí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Ó gbọ́ tí fóònù Etelka ń dún. Iwájú mọ́tò rẹ̀ gan-an ló ti ń dún.

Kó tó tẹ búréèkì, Etelka ti wà nínú kòtò, kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀. Gibanica náà, àkàrà òyìnbó onípele-lórí-ìpele, ti fọ́n ápù àti wàràkàṣì sára gíláàsì iwájú mọ́tò débi pé Evgen ò rí nǹkan kan mọ́. Fóònù ṣì ń dún nínú apẹ̀rẹ̀. Etelka na ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí i, ó gbé e.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí. Evgen ni. Mo ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ ṣọ́ra gidi lójú títì lónìí o."

"O ti pẹ́," ni Etelka wí, ó bá dákú.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, egungun èjìká rẹ̀ sì dá. Nílé ìwòsàn, Evgen jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún débi pé òun ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fún lábẹ́rẹ́. Kí èèyàn fi mọ́tò gbá ẹni tí kò mọ̀ rí, ó burú tó. Kó wá gbá àna tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ jẹun nílé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, wọ́n ti Etelka wọlé lórí àga onítáyà. Adájọ́, obìnrin kan tí ọ̀fìnkìn mú, ka ohun tó wà nínú ìwé: Ọ̀gbẹ́ni Šebjan di fóònù mú níbi tó ti ń wakọ̀, ó sì ṣe ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ léṣe, yóò san owó ìtanràn. Ó fọn imú, ó fi kún un pé bó bá tètè san án, ìdajì péré ni yóò san.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá adájọ́," ni Etelka wí, "kí lẹ pè é?"

"Ìdajì, ìyá. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

"Ṣé mo ti di bàtà tí wọ́n fẹ́ tà kúrò nílẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ kan, èjìká kan, ẹ wá já ìdajì! Èwo lẹ já níbẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ni àbí èjìká?"

Àwọn tó wà ní kóòtù rẹ́rìn-ín. Evgen ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Adájọ́, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àna mi. Ó kéré."

"Kí ló kéré?"

"Ìyà náà. Ẹ bá mi tún un wò, ẹ jọ̀ọ́. Bóyá ẹ ṣí ojú ìwé méjì pọ̀."

Adájọ́ tún un wò lóòótọ́, torí èèyàn dáadáa ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Ó ní òun kọ́ lòun ṣòfin. Wọn ò tiẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ Evgen. Inú àpò rẹ̀ ló wà tó fi jáde.

Níta ni Etelka ti na ìka sí i níwájú gbogbo ẹbí. "Títí òfin á fi jẹ ọ́ níyà gidi, o ò ní jókòó sídìí tábìlì mi, mi ò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́." Ẹni tó bá mọ Etelka mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìdí tábìlì ló kà léèwọ̀, kò ka àgbàlá sí i. Nítorí náà, bí ọjọ́ Àìkú bá ti dé, Evgen á wa mọ́tò wọ àgbàlá Etelka, á pa á, á sì jókòó sínú rẹ̀. Gizela á gbé ọbẹ̀ jáde fún un, á na àwo gba ojú fèrèsé mọ́tò.

"Ṣé kí n tún bù kún un?"

"Bí Àǹtí bá gbà."

Gizela á kọjú sílé ìdáná, á pariwo. "Àǹtí, ṣé ẹ gbà?"

"Sọ fún un pé adìẹ tí mo sè ò bá a jà!"

Nígbà tí òtútù dé, Evgen bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọ̀wọ́ jẹun. Èéfín ọbẹ̀ máa ń bo gíláàsì, tí ẹni tó bá ń kọjá á fi rò pé mọ́tò ń jóná. Ó tó ìgbà kan tí àwọn panápaná fi wá.

Ó wá rí i pé òun nìkan ló lè wá ìyà tó tó fún ara òun. Ó lọ bá Kristjan, ọlọ́pàá abúlé, tó jẹ́ ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ òkúta.

"Kristjan, ọmọ mi, tì mí mọ́lé."

"Bàbá Evgen, kí lẹ ṣe?"

"O mọ ohun tí mo ṣe."

"Ìyẹn ti parí. Ẹ ti sanwó."

"Kò parí. Inú mọ́tò ni mo ti ń jẹun."

Kristjan rò ó. "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí mọ́tò bá ṣáà ti dúró."

Ó lọ bá lọ́yà kan nílùú pé kó bá òun pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí ó fi mu omi, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Èsì tó ti kóòtù gíga bọ̀ ò gùn: wọ́n ní olùpẹ̀jọ́ ò lè rí àǹfààní kankan nínú kí ìyà òun fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Evgen kà á sókè fún ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n ní mi ò lè rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Gizela, ṣé wọ́n ti tọ́ ọbẹ̀ Etelka wò ni?"

Nígbà tó yá, ó di aṣọ ìsùn méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ìgò òróró elégédé kan sínú báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà yọjú láti ojú ihò.

"Ta lẹ wá wò?"

"Ara mi ni."

"Ṣé wọ́n ti mú yín ni?"

"Wọn ò mú mi. Ìdí tí mo fi fẹsẹ̀ ara mi wá nìyẹn."

Wọ́dà wò ó, ó wo báàgì. Ó ní ibí ti kún, àwọn tó jalè gan-an ń tò. Ṣùgbọ́n ó ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní tíì, ó sì sọ àkókò bọ́ọ̀sì fún un. Evgen fi òróró náà sílẹ̀ fún un. Kó tó lọ, ó ní kí wọ́n wo irin kan lára géètì, ó ti ń dípẹtà, ó lè ya ẹnìkan lọ́wọ́.

Gbogbo èyí ń dé etí Etelka. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ láti ìlú wá kí i, àwọn ọ̀dọ́ tí aṣọ fún mọ́ lára bí awọ. Wọ́n ní àwọn ń kó ìbuwọ́lùwé jọ kí ilé aṣòfin lè mú òfin le: kí ẹni tó ń tẹ fóònù níbi tó ti ń wakọ̀, tó sì ṣe oníkẹ̀kẹ́ léṣe, rí ẹ̀wọ̀n, kó sì fi mọ́tò sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n bi í bóyá ó lè bá àwọn yí ká. Etelka ní ó yá. Ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ilé ìwòsàn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Gizela ò mọ mọ́tò wà, àwọn ọ̀dọ́ náà ò sì ní ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni kan ṣoṣo tó ní mọ́tò tó sì ráyè ni Evgen.

Báyìí ni ẹni tó gbá a ṣe di awakọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni Etelka jókòó sí. Nítorí pé kò gbọdọ̀ bá Evgen sọ̀rọ̀, bó bá fẹ́ kó yà, á pe Gizela nílé, Gizela á sì pe Evgen. Ṣùgbọ́n Evgen ti búra pé fóònù ò ní sún mọ́ òun mọ́ níbi tí òun bá ti ń wakọ̀. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó kó o sínú ìkòkò, ó dé e, ó gbé ìkòkò sínú búùtù. Bí ìkòkò bá ti dún, Evgen á tan iná ìkìlọ̀, á dúró, á bọ́ sílẹ̀, á ṣí búùtù, á ṣí ìkòkò, á tú aṣọ ìnura.

"Ẹ̀lóò?"

"Èmi ni. Àǹtí ní o ń sáré jù."

"Sọ fún wọn pé mo ti dúró."

Ẹ̀yìn mọ́tò náà ni fóònù Etelka á ti dún. "Àǹtí, ó ní òun ti dúró."

"Mo rí i."

Ìrìn tí kò jìnnà rárá ń gba wọ́n ní odidi àárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Gizela ò rí oúnjẹ kan sè tí kò jóná. "Ẹ̀yin méjèèjì," ló pariwo sínú fóònù lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ ò lè ṣépè fún ara yín tààrà ni?" Evgen ní òun á sọ fún Àǹtí. Etelka ní kó sọ fún Evgen pé òun ti gbọ́.

Lọ́jà, wọ́n gbé tábìlì kékeré kalẹ̀. Etelka jókòó, Evgen dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń polówó.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wá fọwọ́ sí i! Èmi ni mo gbá wọn!"

"Ṣé o mutí ni?" ni obìnrin kan bi í.

"Rárá, mò ń kìlọ̀ fún wọn ni."

Àwọn èèyàn ò mọ̀ bóyá kí àwọn gbá a létí tàbí kí wọ́n rà á ní kọfí. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Ọkùnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà kọ̀. Ó ní inú mọ́tò lòun ti ń pe àwọn oníbàárà òun, ṣé wọ́n fẹ́ fi ebi pa òun ni? Ó ní egungun tó dá á tún so, kí ló ń mú wọn pariwo báyìí?

Etelka ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti bọ́ símẹ́ńtì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ yẹn ti rù bí ti ọmọdé.

"Ó ti so, ọmọ mi," ló wí, kò pariwo. "Láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì wa yẹn. Mo mọ gbogbo ihò ibẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá gbọ́ mọ́tò lẹ́yìn mi, èmi tí mo jókòó sínú ilé, màá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò tíì lọ kí ọkọ mi láti ọjọ́ yẹn. Kí lo fẹ́ fi so ìyẹn?"

Alálùbọ́sà fọwọ́ sí i, kò tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Evgen ò polówó mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Gizela ò fi jíṣẹ́ fún un. Ó dúró síbẹ̀, ó di àga Etelka mú lẹ́yìn bí ẹni pé òun ni yóò ṣubú.

Nígbà tí ìwé pọ̀ tó, wọ́n pè wọ́n sí Ljubljana, olú ìlú, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀. Evgen wọ aṣọ tó fi gbéyàwó. Ó ṣàlàyé tìfarabalẹ̀-tìfarabalẹ̀ bó ṣe gbá àna rẹ̀, àti bí òfin ṣe kọ̀ láti ṣe nǹkan kan fún òun. Aṣòfin onírùngbọ̀n kan bi í pé, lójú tirẹ̀, ìyà wo ló tọ́ sí irú rẹ̀.

"Ọ̀gá, oṣù mẹ́fà á dáa. Kó ṣáà má bọ́ sígbà tí a máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Èmi ni mo máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

"Kó bọ́ sí i!" ni Etelka ké láti ẹ̀yìn. "Ẹlòmíì á di ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mú!"

Evgen yí padà, omi lé sójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kọjú síbẹ̀."

Òfin náà jáde nígbà tí àwọn ẹyẹ àkọ̀ ń padà sórí òpó iná. Ó le bí wọ́n ṣe fẹ́ kó le. Àwọn ọ̀dọ́ oníkẹ̀kẹ́ jó níwájú ilé Etelka. Evgen ò dúró jó. Ó gbé báàgì aṣọ ìsùn rẹ̀, ó sáré lọ bá Kristjan.

"Òfin ti dé. Ó yá."

"Bàbá Evgen," ni Kristjan wí, tó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́, "òfin yìí kì í wo ẹ̀yìn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti òní lọ ló kàn."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Àfi kí ẹ tún lọ gbá ẹlòmíì."

Kristjan ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ nílé ọtí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo oníkẹ̀kẹ́ Vrbanjci ló ń sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n bá ti rí mọ́tò Evgen lókèèrè, wọ́n á ru kẹ̀kẹ́ wọ oko àgbàdo. Àlùfáà náà wọ̀ ọ́, tòun taṣọ àlùfáà rẹ̀. Evgen wo àlùfáà tó lúgọ sínú oko, ó wá mọ ohun tí wọ́n rò pé òun fẹ́ ṣe. Ó pa mọ́tò síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé Etelka, ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé orí tábìlì rẹ̀ láìjókòó.

Etelka wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ọkùnrin náà. Ó ránṣẹ́ pe Gizela, torí ó fẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà.

"Níwọ̀n bí ìjọba ò ti lè ṣe é," ló wí, ojú Evgen ló sì ń wò, "èmi á ṣe é. Oṣù mẹ́fà, níbí. Yàrá tí ọkọ mi ti máa ń sá èso elégédé. Kò sí fóònù. O máa la igi, o máa fọ ìkòkò. Gizela lè wá wò ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ?"

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

"Wọn kì í dúpẹ́!"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Evgen ṣàkíyèsí pé àgádágodo yàrá náà ò dáa; ó tún un ṣe. Ó ní fèrèsé náà lọ sílẹ̀ jù, ẹlẹ́wọ̀n lè gba ibẹ̀ sá lọ. Ó kan igi mọ́ ọn. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Etelka gbé àwo kan kún ti orí tábìlì. Ó ní ìyà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń jìyà ní láti jẹun. Evgen jókòó. Ó jẹ àwo mẹ́ta, ó ń sunkún sínú rẹ̀, Etelka sì ní kó yéé fi omijé ba iyọ̀ òun jẹ́.

Láàárọ̀, Evgen á di apá Etelka mú kó lè rìn yí àgbàlá ká. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà le, ó tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, ó di ìjókòó rẹ̀ mú, ó ń sáré tẹ̀lé e láàárín àwọn adìẹ. Lọ́jọ́ kan, Etelka ní kó ṣí géètì. Ó ti di òdòdó mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n ò gbọdọ̀ kọjá géètì, nítorí náà Evgen dúró níbẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó fi eyín di ètè mú. Etelka gùn ún dé itẹ́ òkú, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gùn ún padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Evgen gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọlé.

Nígbà tó yá, wọ́n sọ lórí rédíò pé wọ́n ti fi òfin tuntun náà ju ọ̀dọ́kùnrin kan sẹ́wọ̀n níbi kan lọ́nà òkun. Ó ń wo fóònù, ó gbá olùkọ́ kan lórí kẹ̀kẹ́. Etelka dín ohùn rédíò kù. Kò jó. Ohun tó jà fún nìyẹn, ó sì tọ́, ṣùgbọ́n ó gbé àlùbọ́sà tó ń bó sílẹ̀.

"Ṣé ó ní àna?" ni Evgen bi í.

"Wọn ò sọ."

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Gizela wá gbà á. Ó ti kun yàrá wọn ní àwọ̀ ewé, ó ti ń sun oorun àsùnwọra, kò sì sẹ́ni tó ń jí i pé ó ṣe é ṣe kí gáàsì máa jò. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, kò ṣe é fi oṣù kan kún un?"

"Òfin ni òfin," ni Etelka wí. "Mú u lọ."

Wọ́n lọ. Etelka ká ibùsùn yàrá náà, kò sí ìdọ̀tí kan níbẹ̀. Ó jáde, ó fara ti ọgbà. Kristjan ń kọjá lọ síbi iṣẹ́.

"Kristjan, ọmọ mi," ló ké sí i, "ṣé kò sí ẹlòmíì ládùúgbò yìí tó yẹ kó lọ sẹ́wọ̀n? Yàrá ti ṣófo."

Kristjan dúró, ó họrí. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun wò ó, torí bàbá ìyàwó òun wà nílé.